Mo Bi Ilé

Mjørki ni Marjun tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.
Mjørki, ìyẹn kùrukùru lédè erékùṣù wọn,
orúkọ àgbò tí Hanus fi sílẹ̀ kó tó kú,
nítorí pé kò funfun, kò sì dúdú,
ó dà bí etíkun wọn lówùúrọ̀ oṣù kẹsàn-án.

Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ̀ ẹ́,
bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lára irun àgùntàn.
Kọ̀ǹpútà gbéra. Ó fò kọjá òkun,
ó ru ojú ọjọ́ ìlú tí kò mọ̀ wọ́n rí wálé,
ó ru ẹ̀wù òjò tó wà fún títà,
ó ru òtẹ́ẹ̀lì tí ibùsùn rẹ̀ wọ́n ju àgùntàn mẹ́ta lọ,
àti olórin kan tí irun rẹ̀ ga bí fìlà òtútù.
Ó kó gbogbo rẹ̀ síwájú opó, ó ń retí ọpẹ́.

“Ta ló rán ọ níṣẹ́ òde?” ni Marjun wí.
Ká ní ó gbọ́ èdè tiwa ni,
ì bá ti sọ fún un pé ohun tó wà lápò ṣòkòtò
kò yẹ kó sọ èèyàn di èrò Sókótó.

Ẹjọ́ ló wà nílẹ̀. Sámal, aládùúgbò orí òkè,
ní òun ló ni àgbò, ó ní ọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti olóògbé.
Marjun ní irọ́ ni. Etí àgbò ń jẹ́rìí:
gígé kan lọ́tùn-ún, ihò kan lósì,
àmì ìdílé Hanus láti ayé baba ńlá rẹ̀.
Sámal ní etí kì í sọ̀rọ̀, gbígbọ́ ló ń gbọ́.

Hanus a sì máa kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀:
iye ọmọ àgùntàn, owó epo ọkọ̀ ojú omi,
ọjọ́ tí ẹyẹ òkun padà, ọjọ́ tí òrùlé jò.
Ó gbàgbé pé ikú kì í fi ọ̀nà fáìlì han ìyàwó.

Lọ́jọ́ Sátidé ni Høgni, ọmọ àbúrò rẹ̀, dé
pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, omi ń ro nínú bàtà rẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀; ìdílé wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ó ṣí ilẹ̀kùn kan, ó ṣí òmíràn nínú rẹ̀,
ó rí bọ́tìnì tí wọ́n ti tàn sílẹ̀ láì bi onílé,
ó pa á.
“Ó tán, Àǹtí. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ síbí
kò ní jáde nílé mọ́.”

“Ṣé gbogbo èyí tí mo ti ń tẹ̀ ló ń jáde?”
Høgni wo fèrèsé.
Marjun rántí ohun tó tẹ̀ lóru, lóṣù tó kọjá:
bí oorun ṣe ń padà sójú opó.
Ó rántí orúkọ oògùn. Ó rántí orúkọ Hanus,
tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láìnídìí.
Ó fa ṣúwẹ́tà bo ọrùn
bí ẹni tó ti ń wẹ̀ nídìí fèrèsé tí kò ní kọ́tìnì.

Ó tún tẹ̀ ẹ́: Mjørki.
Lọ́tẹ̀ yìí kọ̀ǹpútà kò fò.
Ó rọra wọ yàrá bí arúgbó tó mọ ibi tí fìtílà wà,
ó gbé ìlà kan ṣoṣo jáde:
*Mjørki, ti Sámal ni, dípò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.
Kó wá mú un tá a bá ti rẹ́ irun rẹ̀ tán.
Mi ò tíì sọ fún Marjun.*

Ilé dákẹ́. Kẹ́tù ń hó.
Høgni bèèrè bóyá kí òun tún bọ́tìnì tàn.
“Fi í sílẹ̀.”
Ó wọ bàtà rọ́bà, ó mú okùn,
ó gun òkè lọ nínú kùrukùru,
ó ń pe kùrukùru lórúkọ.

Sámal ṣílẹ̀kùn. Kò yọ̀.
“Báwo lo ṣe wá mọ̀?”
“Mo bi ilé,” ni Marjun wí. “Ilé dáhùn.”

Lálẹ́, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀.
Nǹkan mọ́kànlá ló jáde.
Mẹ́wàá jẹ́ ìwé owó iná.
Ìkọkànlá, kò tíì ṣí i.